Fèrèsé Mẹ́rìndínlógún àti Òróró Àgbọn

Ẹni tó bá rò pé ìgbéraga kò lẹ́sẹ̀, ó dájú pé kò gbé Àgbádárìgì ní ọdún 1937. Lọ́dún náà, gbogbo òwúrọ̀ ni ìgbéraga máa ń gba iwájú ọjà Àgbálátà kọjá. Á wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, á wọ ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún nínú ooru, á dé akoto òyìnbó, á sì so fèrè mọ́ ọrùn. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí ni Gbọ́lágadé Ìgè. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Òǹbojútó Gbogbo Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ Lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Ìlú, Láti Etí Òkun Títí Dé Ibi Tí Ilẹ̀ Parí Sí. Ẹ má bi mí níbi tí ilẹ̀ parí sí. Kò sẹ́ni tó láyà láti bi òun náà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Ọ̀gá Ìgè ń wá láyé, òun ni kí wọ́n sọ ọ́ di Òǹbojútó Àgbà. Ìwé ìgbéga náà ti dé láti Èkó, ó wà lórí tábìlì Ajẹ́lẹ̀, ó ku kí òyìnbó náà fọwọ́ sí i. Ajẹ́lẹ̀ sì ti sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun ni òun yóò fọwọ́ sí i, bí òun bá rí i pé iṣẹ́ náà dára. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà rẹ̀ là gbangba. Kí ó ṣáà ti jẹ́ kí àwọn tó mọṣẹ́ ṣiṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn báyìí fún èmi àti ẹ̀yin, òun gan-an ni kì í rọrùn fún àwọn ọ̀gá.

Ní àràárọ̀, bí Ọ̀gá Ìgè bá ti dé ibi iṣẹ́, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo bíríkìlà á ju irin iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á tò sórí ìlà, wọ́n á sì máa wí ní ohùn kan pé, "Ọ̀gá tó ju ọ̀gá lọ! Kí ẹ pẹ́ fún wa!" Ìgbà méje ni wọ́n gbọ́dọ̀ wí i. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wúkọ́ láàárín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Kí wọ́n tó parí ìkíni yìí, sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti pò á ti dì sínú páànù. Sìmẹ́ńtì kò mọ ọ̀gá. Ọ̀gá Ìgè á wo páànù náà, á mi orí, á ní, "Ẹ wò ó! Ọ̀lẹ ni yín. Ẹ jẹ́ kí sìmẹ́ńtì dì."

"Òótọ́ ni, sà," ni Dúrósinmí akọ̀wé rẹ̀ á fèsì, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Dúrósinmí yìí ní ẹ̀bùn kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn nílùú. Kò sí ohun tó jáde lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ tí kì í kọ sínú ìwé ńlá kan tó ń gbé kiri. Bí ọ̀gá bá sín pàápàá, á kọ ọ́ pé, "Ọ̀gá sín níbí, ó sì bá ọ̀rọ̀ náà mu."

Ọjọ́ wá pé tí fèrèsé dé. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, férémù onírin ni gbogbo wọn, ọkọ̀ ojú omi ló kó wọn wá. Bíríkìlà tí wọ́n fa iṣẹ́ wọn lé lọ́wọ́ ni Zinsu, ọmọ Ègùn kan láti ìletò etí ọ̀sà. Apẹja ni gbogbo ìdílé rẹ̀. Òun nìkan ló fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà ní Àjàṣẹ́ fún ọdún méje. Nígbà tó padà dé, àwọn ará ilé rẹ̀ ò gbà pé ọkùnrin lè máa fi ọwọ́ pa ògiri jẹun, àfìgbà tí wọ́n rí ilé tó kọ́kọ́ rẹ́. Láti ìgbà náà, láti Kankon títí dé Ìbẹ̀rẹ̀kò, tí wọ́n bá ní Zinsu ló rẹ́ ilé kan, ọ̀rọ̀ parí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ri férémù mọ́ ògiri, Zinsu kò tíì fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì. Ó jókòó sídìí fèrèsé àkọ́kọ́, ó fi yanrìn fọ irin náà títí ó fi mọ́, ó gé àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó so apá kan mọ́ irin, ó sì fi ìṣó kan apá kejì mọ́ ògiri. Ibi tó ti ń so ó yíká báyìí bí ẹni tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe ni ọ̀pá Ọ̀gá Ìgè ti kàn án léjìká.

"Zinsu ọmọ apẹja! Kí ni ìranù tí mò ń wò yìí?"

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Àwọ̀n ni, sà." Zinsu dìde. "Irin pẹ̀lú sìmẹ́ńtì kì í ṣe ọmọ ìyá, sà. Tí oòrùn bá pa irin, ó máa ń fẹ̀ díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á tún sún kì. Sìmẹ́ńtì ò mọ eré yẹn. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, etí ìrẹ́lé á là níbẹ̀, tí èèyàn bá wá pa fèrèsé dé gbàà, á já bọ́. Tí àwọ̀n bá wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì á wọ ojú àwọ̀n, á gbá a mú, kò ní lè lọ síbì kankan."

Àlàyé yìí dára. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á yé e. Ṣùgbọ́n àlàyé tó bá ti ẹnu ẹni tí ó rẹlẹ̀ jáde máa ń gba ẹ̀gbẹ́ etí Ọ̀gá Ìgè kọjá ni. Ó yíjú sí àwọn bíríkìlà yòókù, ó fọn fèrè kí wọ́n lè péjọ, ó sì wú àyà.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi! Ẹ wá wo àbùkù! Ilé ìjọba rèé, ilé tí Ajẹ́lẹ̀ máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀, ọkùnrin yìí fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ apẹja! Zinsu, ṣé ẹja ni ìrẹ́lé?"

"Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n ẹja náà, a kì í fi ẹ̀bẹ̀ mú un."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́, nítorí ẹni tí wọ́n bá rín lójú agbo kì í fẹ́ gbọ́ òótọ́ mọ́. Ọ̀gá Ìgè na ọ̀pá sí férémù, ó rí i pé atẹ́gùn òkun ti mú kí ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí gbogbo ará etí òkun wa máa ń ṣe sí irin kí iyọ̀ òkun má bàa jẹ ẹ́. Òróró àgbọn ni wọ́n fi ń pa àdá, òun ni wọ́n fi ń pa ìwọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Ọgbọ́n ni, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló rẹ́ sìmẹ́ńtì mọ́ àdá rí?

"Ẹ ya àwọ̀n yẹn dànù," ni Ọ̀gá Ìgè wí. "Irin yìí gbẹ lára bí ẹni tí kò rí ìpara. Ẹ fi òróró àgbọn pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì á rọra yọ̀ jókòó sáyè rẹ̀ láìsí ariwo. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ohun tó bá ń dán kì í já!"

"Háà! Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n!" Dúrósinmí ń kọ̀wé kíkankíkan. "Ohun tó bá ń dán kì í já. Ó ti wọ ìwé, sà. Ká ní òyìnbó gbọ́ èyí ni, wọn ì bá ti padà sílé wọn."

Zinsu di orí mú, ó fi èdè Ègùn ké pe Ọlọ́run. "Òróró kẹ̀? Mawu! Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí a bá ti fi òróró pa, kí ló tún fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn? Tí ọwọ́ èèyàn bá ní òróró, ṣé ó lè di ẹja mú?"

"Ẹja, ẹja, ẹja! Mo ti sọ̀rọ̀, mo ti parí."

Bí wọ́n ṣe ra òróró àgbọn tán ní Àgbálátà nìyẹn. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń pa irin lára. Ilé ìgbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán bí ilé ìyàwó, eèrà tò wá láti inú igbó, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò náà sì gbọ́ ìròyìn. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ iwájú gun ògiri, wọ́n ń lá fèrèsé ìjọba. Ọ̀gá Ìgè kò tìtorí èyí yí ọkàn padà. Ó yan bíríkìlà mẹ́ta kúrò nídìí iṣẹ́ pé kí wọ́n máa lé ewúrẹ́, ó sì pè wọ́n ní Ẹ̀ṣọ́ Fèrèsé.

Yàrá kan ṣoṣo ni òróró náà kò dé. Mọ̀dínátù, agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n fi ṣe olórí ilé náà, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ, ó na ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá Ìgè, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o," ló wí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, ẹ fi wọ́n se ọbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́. Fèrèsé tó wà lókè orí aboyún yìí, ẹ jẹ́ kí Zinsu ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ mi ni ọmọ ń bọ́ sí níbí. N ò fẹ́ kí ògiri kọ́kọ́ bọ́ sí i."

"Ìyá agbẹ̀bí, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún àwọn obìnrin Àgbálátà pé ẹ kọ̀, kí àwọn náà lè mọ̀ yín."

Kò sí ohun tí Ọ̀gá Ìgè bẹ̀rù lókè eèpẹ̀ tó àwọn obìnrin ọjà. Ó gbọn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ní àánú ṣe òun, òun ti dárí ji fèrèsé náà. Dúrósinmí kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Lónìí, ọ̀gá dárí ji fèrèsé kan."

Wọ́n rẹ́ ilé tán. Ọjọ́ kẹta, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ọjọ́ karùn-ún, ó ti yí gbogbo fèrèsé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ká. Ọ̀gá Ìgè ní ilé náà ń rẹ́rìn-ín ni, inú rẹ̀ dùn pé àlejò ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n fi ẹfun kun ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a pa irọ́ mọ́ ọn, kò gbádùn. Nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ó fi èékánná kan etí ìrẹ́lé kan wò, ó sì gbọ́ ohùn òfìfo lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé orí tábìlì Ajẹ́lẹ̀ ló ń rò. Ẹlòmíràn tí ẹ̀rù bá bà á báyìí á pe Zinsu, á ní kí ó tún un ṣe. Ọ̀gá Ìgè náà pe Zinsu, ìwé kan ló sì nà sí i.

"Tẹ ìka rẹ síbí. Ó wà níbẹ̀ pé ìwọ lo rẹ́ gbogbo ilé yìí bó ṣe wù ọ́. Bí ìrẹ́lé kan bá já, o ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ bíríkìlà mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Àgbádárìgì títí o fi máa kú."

Zinsu fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ọ̀gá, iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀. Ọdún méje ni mo lò ní Àjàṣẹ́."

"Tí o ò bá tẹ̀ ẹ́, lọ́la ni n ó ní kí wọ́n fọ́ ti yàrá ìbímọ yẹn, kí wọ́n fi òróró pa òun náà kó lè bá ẹgbẹ́ mu. Ìyá agbẹ̀bí ti lọ sí Èkó láti lọ gba ibùsùn. Kò sí ẹni tó máa na ọwọ́ sẹ́nu ọ̀nà."

Zinsu wo ọ̀nà yàrá ìbímọ. Ó ń ro àwọn obìnrin tí yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé náà, tí wọn ò ní lè dìde sá. Ohun tó dùn ún jù ni pé ó mọ̀ dájú pé ìrẹ́lé náà yóò já. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́," ló wí níkẹyìn, "ẹ ó fi ọ̀kan yẹn sílẹ̀?"

"Mo ti ṣèlérí."

Ó tẹ̀ka sí ìwé náà, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Inú bí mi sí Ọ̀gá Ìgè níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, n ò sì ní fi pa mọ́ fún yín.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Ajẹ́lẹ̀ jókòó lórí àga, àwọn ìjòyè jókòó, àwọn obìnrin Àgbálátà kún ìta bámúbámú. Mọ̀dínátù ti dé láti Èkó, ó wọ aṣọ funfun. Ọ̀gá Ìgè dúró sábẹ́ fèrèsé tó tóbi jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Oòrùn wà lápá ìlà oòrùn nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi dé àárín orí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe bí òun tán ni.

"Nígbà tí mo wá dé ọ̀rọ̀ ilé yìí," ló wí, ó sì gbé ọ̀pá sókè, "ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé tọmọdé tàgbà: kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀! Bíríkìlà kankan kò gbà mí nímọ̀ràn. Èyí tó dán an wò, mo pa á lẹ́nu mọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n ya àwọ̀n dànù! Èmi ni mo ronú kan òróró àgbọn! Ohun tó bá ń dán kì í já! Ẹni tó bá fi ìka kan ògiri yìí, èmi ló fọwọ́ kàn!"

Dúrósinmí nìkan ló pàtẹ́wọ́, ó sì tún padà sídìí kíkọ rẹ̀.

Ọ̀gá Ìgè ì bá sì ti jókòó níbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ti ń fa kálámù yọ, ìwé ìgbéga ti wà lórí itan rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ìgè rí i pé àtẹ́wọ́ kò pọ̀ tó. Ó ní kí bíríkìlà kọ̀ọ̀kan dúró ti fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ó ní bí òun bá fọn fèrè, kí wọ́n pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún dé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú gbogbo agbára, kí aráyé lè gbọ́ bí ilé tó dúró dáadáa ṣe ń dún. Ó fi fèrè sẹ́nu.

Gbàà!

Ìrẹ́lé etí fèrèsé bó bí èèpo ẹyin tó jinná. Ó kọ́kọ́ bọ́ lápá ọ̀tún, ó bọ́ lápá òsì, ó wá bọ́ lókè. Èyí tó tóbi jù dà lé Ọ̀gá Ìgè lórí, ó ti akoto rẹ̀ wọlẹ̀ títí dé imú, ó sì kun ọkùnrin náà láti èjìká dé ìbọ̀sẹ̀. Eruku bo gbogbo ènìyàn. Nígbà tó lọ tán, irin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró níhòòhò lára ògiri, wọ́n ń dán nínú oòrùn. Ibẹ̀ nìkan ni Ọ̀gá Ìgè ti sọ òótọ́: wọ́n ń dán.

Ọ̀gá Ìgè fi ọwọ́ méjèèjì yọ akoto lójú. Kò tíì rí ọ̀nà dáadáa tó ti ń pariwo. "Ajẹ́lẹ̀ wa, Zinsu ni! Ọ̀daràn náà ni! Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi!" Ó fa ìwé náà yọ lápò, ìka Zinsu hàn lórí rẹ̀ kedere.

Zinsu jáde wá láti yàrá ìbímọ. Ó rí ìwé náà lọ́wọ́ òyìnbó, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n ti dájọ́ fún. Ajẹ́lẹ̀ ti lo ọdún méjìlá lágbègbè náà, Yorùbá yé e ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ó ka ìwé náà tán, ó lọ fi ìka kan férémù, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Àgbọn," ló wí. "Ta ló ní kí wọ́n fi pa irin?"

"Ẹni tó ṣe é ló mọ̀, sà," ni Ọ̀gá Ìgè dáhùn.

Ajẹ́lẹ̀ yíjú sí Dúrósinmí. "Akọ̀wé, ka ohun tí o kọ."

Ẹ jẹ́ kí a ṣàánú Dúrósinmí. Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń kọ̀wé, kò sẹ́ni tó ní kí ó ka ọ̀kan rí. Ìdùnnú bò ó mọ́lẹ̀, ó gbàgbé ẹni tó ń kà nípa rẹ̀. Ó gbé ohùn sókè, ó fa ọ̀rọ̀ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń fà á, ó kà á láìfo ọ̀kan: "Kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀! Bíríkìlà kankan kò gbà mí nímọ̀ràn. Èyí tó dán an wò, mo pa á lẹ́nu mọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n ya àwọ̀n dànù! Èmi ni mo ronú kan òróró àgbọn! Ohun tó bá ń dán kì í já! Níbí, ọ̀gá dánu dúró fún àtẹ́wọ́. Wọn kò pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé pa á."

"Ó ti tó, Dúrósinmí!" ni Ọ̀gá Ìgè ké.

"Ó ku díẹ̀, sà. Ẹni tó bá fi ìka kan ògiri yìí, èmi ló fọwọ́ kàn!"

Àwọn obìnrin Àgbálátà ti rẹ́rìn-ín dé ibi tí wọ́n ti ń di ara wọn mú. Mọ̀dínátù kò rín. Ó fa Ajẹ́lẹ̀ wọ yàrá ìbímọ, ó ṣí fèrèsé, ó tún pa á dé gbàà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀rún iyanrìn kan kò bọ́. Ajẹ́lẹ̀ pe Zinsu, ó bi í pé kí ló dé tó fi tẹ̀ka sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn máa fọ́ ti ibí yìí, sà," ni Zinsu dáhùn. "Àwọn aboyún ló sì máa sùn síbí."

Ajẹ́lẹ̀ fa ìwé olóǹtẹ̀ ìka náà ya. Ó tún fa ti ìgbéga ya lé e lórí. Ó ní méjì nìyí, kí Ọ̀gbẹ́ni Ìgè mú ọ̀kan: kí ó lọ rojọ́ ní kóòtù lórí ohun ìní ìlú tó bà jẹ́, tàbí kí ó máa ran Zinsu lọ́wọ́ títí fèrèsé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò fi parí, nígbà tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọwọ́ òun ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọ̀la ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ dúdú àti yanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi fọ òróró kúrò lára irin, Ọ̀gbẹ́ni Ìgè ló sì fọ ọ́. Zinsu kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò gbé ohùn sókè sí i. Ó gé àwọ̀n, ó fi ìbẹ̀rẹ̀ lé e lọ́wọ́, òun náà di ìkángun mú, ó sì ní, "Ẹ fà á le, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ìgè fà á. Wáyà gún un níka, ẹ̀jẹ̀ yọ, ó fi ìka náà sẹ́nu bí ọmọdé. Ó tún un mú, ó tún fà á. Àwọ̀n náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wo Zinsu, ó wo àwọ̀n, ó wo Zinsu padà.

"Ṣé báyìí ni?" ló bi í.

Ó dúró, ó sì tẹ́tí sí ìdáhùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá, ìgbà àkọ́kọ́ rèé.